Ẹni Tó Ń Bá A Jẹ́ Orúkọ

Àbúrò mi, owó ilé-ìwé tí mo bá ọ san ti padà tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ara le níbí, àfi orúnkún mi.

Lánàá, mo gbé oúnjẹ tí ọmọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi gbàgbé lọ sí kíláàsì, mo bá olùkọ́ lẹ́nu pípe orúkọ. Ọmọ rẹ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jẹ́ ẹ: "Mo wà níbí, mà!"

Nígbà tí ọmọ rẹ wọlé, mo bi í níbi tó ń lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà nà mí." Ọmọ tó yan ẹgba dípò ọ̀rọ̀, kí ló ń bò? Mi ò nà án, kó má baà sá lọ pátápátá.

Ìwọ bàbá rẹ̀ ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Jọ̀ọ́, pè é, má pariwo. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, á bá mi ṣọ́ tilé. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí ìpè rẹ.