Ọmọláńgidi Oníke Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Gba Ère Táyéwò

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Oregbeni, nítòsí Òkè Ikpoba,
                                                  Ìlú Ìbíní.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 1986.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Kẹ́hìndé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ẹsẹ̀ tí ó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ṣú ńkọ́? Àwọn ará ilé ní Ìkìrun ńkọ́, àti àwọn ayálégbé rẹ tí wọn kì í gbálẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ara wa le níhìn-ín ní ìwọ̀n tí ara arúgbó lè le mọ. Tinúadé aya mi ń kí ọ. Ó ní irú tí o fi ránṣẹ́ sí i ti tán, kí ẹni tí yóò bá ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ má ṣe wá lọ́wọ́ òfo.

Sọjí ọmọ rẹ ni ó ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó fẹ́ kí n bá òun bẹ̀ ọ́, kí o yọ̀ǹda ère ìbejì tí Màmá wa ní kí wọ́n gbẹ́ fún Táyéwò, ìkejì rẹ tí kò dúró. Mo ti ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ nìyí, ṣùgbọ́n kò ní rí bí ó ṣe fẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ gbà dípò ère náà fún ọ, nítorí ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí wọ́n fi ń díye lé ọmọ ìyá rẹ̀.

Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan wà tí òun àti Sọjí jọ ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọkùnrin náà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé ní ìparí oṣù yìí. Ó ti rí fọ́tò ère náà lọ́wọ́ Sọjí, kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Sọjí náà, láti ìgbà tí ó ti lọ kàwé lọ́hùn-ún, ń kó àwọn ọmọláńgidi kéékèèké kan jọ, tí wọ́n ṣe ní àwòrán àwọn ènìyàn inú fíìmù kan. Fíìmù àwọn tí ń wa ọkọ̀ kiri láàárín ìràwọ̀ ni, tí wọ́n ń yin ìbọn iná lu ara wọn. Ó ní òun ti ní gbogbo wọn tán, ó ku ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ni ó sì wà lọ́wọ́ òyìnbó. Wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan pé kí ère lọ, kí ọmọláńgidi bọ̀. Òyìnbó fọkàn tán an, ó ti fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ ṣáájú.

Sọjí gbé e wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ bí ó ti níyelórí tó. Kẹ́hìndé, mo ti yẹ orí idẹ wò, mo ti yẹ eyín erin wò, mo ti yẹ ìlẹ̀kùn tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀ wò. N kò tíì rí ohun tí ó sú mi tó èyí.

Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Ike ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọ̀ ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni ojú rẹ̀. Ẹni tí ó kun ún lẹ́yinjú ń kánjú lọ síbì kan, nítorí ojú òsì ti ṣí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí wọ́n ti lẹ iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ta yọ bí ṣòkòtò tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ rán. Ìgúnpá rẹ̀ kò ṣẹ́, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀; kò lè jókòó, kò lè kúnlẹ̀, kò lè kí àgbà. Ó gbé nǹkan kan dání tí ó jọ abọ́. Mo bi Sọjí pé kí ni ó wà nínú abọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkùnrin yìí ṣe nínú fíìmù. Ó ní ó gbé abọ́ kọjá lẹ́yìn ọ̀gágun, ìlẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn.

“Ó sọ̀rọ̀?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kí ni orúkọ rẹ̀?”

“Wọn kò pè é nínú fíìmù. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Mo ní kí ló wá dé tí ó fi wọ́n. Ó ní àwọn ọmọdé kò rà á nígbà tí ó jáde, àwọn tí ń ṣe é kò sì ṣe òmíràn mọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọdé kọ̀ nínú ìsọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ń tìtorí rẹ̀ díye lé ère. Ó tún kù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Bí wọ́n bá ti ṣí i, iyì rẹ̀ ti lọ. Ohun ìṣeré tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Òyìnbó fẹ́ ère nítorí pé ọwọ́ ti fi wíwẹ̀ pa imú rẹ̀ rẹ́, ó sì fẹ́ràn ike nítorí pé ọwọ́ kò kàn án. Kò béèrè ọwọ́ ta ni ó wẹ ère náà.

Sọjí fi nǹkan náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní òun ń lọ tún mọ́tò òun ṣe ní Sapele Road. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà náà ni Màmá Abímbọ́lá wọlé. Ará Abẹ́òkúta tí ń ta aṣọ ni, iwájú ni ó máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ère ọmọ ìbejì rẹ̀ kan tí ó kú wà ní yàrá rẹ̀, kò sì fi wíwẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó bi Tinúadé pé ti ta ni èyí. Tinúadé ní ti Sọjí ni, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà mọ̀ pé ìbejì ni ìyá Sọjí. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Sọjí ti bí ìbejì lọ́hùn-ún, ọ̀kan ti lọ, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún wa. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ sì tì í mọ́nú ike báyìí? Ibo ni kí ó ti mí?” Ó wá sísọ́ọ̀sì rí, ó sì fi gé ike náà.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó ti fi òrí àti osùn pa á lára, ó tẹ́ aṣọ àdìrẹ kékeré fún un lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kì í. Láàárín oríkì, ó ń bá Tinúadé sọ̀rọ̀ pé wọ́n rẹ́ Sọjí jẹ, ẹni tó gbẹ́ ère yìí kò mọ orí gbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá ògiri mú. Ẹnu ẹ̀rín náà ni Sọjí bá mi.

Kò pariwo. Ó mú páálí, ó ń gbìyànjú láti pa ike dé. Màmá Abímbọ́lá fà á lọ́wọ́, ó ní, “Sọjí, pẹ̀lẹ́. Èwo ló lọ nínú wọn, Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?”

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ ni ó sọ ọ́ fún mi pé òun kò lè dá ohun tí wọ́n ti ṣí padà fún òyìnbó, nítorí náà dandan ni kí ère wá. Ó ní, “Ilé yín ló ti bàjẹ́, Bàbá. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Igi lásán ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀.”

Kò purọ́ mọ́ mi. Iwájú rẹ ni mo ti kọ́ Sọjí ní gbólóhùn yẹn nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí o gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, tí o sì bọ́ sí ilé ìdáná. Gbólóhùn kan náà ni mo sọ fún àwọn obìnrin kiri abúlé, tí mo sì di ère wọn sínú àpò lọ síbi iṣẹ́, níbi tí a ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo gbéraga. Mo rò pé ìwé tí mo kà ni ó ń sọ̀rọ̀.

Mo ti lọ bá òyìnbó náà fúnra mi. Mo gbé àkùkọ idẹ tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìfẹ̀yìntì lọ fún un, pé kí ó gbà á dípò. Ó yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, ó bi mí pé ọdún mélòó ni. Mo ní bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dàgbà ju àkùkọ náà lọ. Ó dá a padà fún mi, ó ní òun yóò dúró de ère. Ọkùnrin oníke wà lójú fèrèsé wa. Kò lè dá dúró. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, ó ti ṣubú, Màmá Abímbọ́lá sì ń wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa.

Sọjí ti sọ fún Tinúadé pé òun yóò wá bá ọ ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé gègé mi. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì kì ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí o bí ni Sọjí, mo sì mọ bí ó ti rí. Bí o bá kọ̀, ojú yóò tì í níwájú òyìnbó títí bàálù yóò fi gbéra. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í pani. Bí o bá sì gbà, n kò ní bá ọ wí. Mo ti sọ ohun tí àwọn obìnrin yóò fi ère wọn ṣe fún wọn tó. N kò ní sọ ọ́ fún ìwọ.

Bá mi kí Olùkọ́ Oyèbọ́lá, kí o sì sọ fún àwọn ayálégbé pé mo ní kí wọ́n gbálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ń wá ibi tí wàá gbé Táyéwò pamọ́ sí kí Sọjí tó dé, má fi í ránṣẹ́ sí mi. Gbé e fún ẹni tí kò pè é ní igi rí.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́,
                                                  Ọlágúnjú Àkànní.