Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí, Màmá

Woodridge, nítòsí Chicago,
Oṣù Kọkànlá, 1986.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú àárò wa. Ṣé orúnkún yín ti sàn? Àlàáfíà la wà, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ lánàá ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lẹ́nu mi.

Mo ti kọ̀wé sí yín nípa ara Dayọ̀, ọmọkùnrin mi, tó gbẹ tó sì dúdú kíríkírí bí ẹni tí kò fojú kan omi. Ẹ ní kí n fi kànrìnkàn bó o lára. Mo bó o, Màmá, títí ó fi ń ké. Àfi bí obìnrin òyìnbó tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ tí mo bá lọ ibi iṣẹ́ ní Schaumburg ṣe sọ fún mi pé bí n kò bá ní í wẹ ọmọ, òun á pe ìjọba kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi Àrìnkẹ́! Mo gbé ọmọ mi, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì sì dé lánàá. Dókítà ní àwọn nǹkan kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara èèyàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń gé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sọ́féètì kúrò lára ọ̀rá inú awọ, kí awọ tó ti gbó lè bọ́ dànù. Dayọ̀ ò ní in. Ìdí nìyẹn tí awọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìpẹ́ ẹja. Kò ní pa á, ìpara ni yóò máa lò. Dókítà fúnra rẹ̀ ti bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ mi mọ́.

Ó wá bi mí bóyá mo pẹ́ lórí ìrọbí Dayọ̀. Háà! Ta ló sọ fún un? Ó ní ẹ́ńsáìmù kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ibi ọmọ kí ìrọbí lè mú dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá ni àìsàn yìí ti ń wá, ara ọmọkùnrin ló sì ti máa ń hàn. Ó ní, ǹjẹ́ ìyá mi ní arákùnrin tí ara rẹ̀ rí báyìí?

Màmá, Bọ̀ọ̀dá Bádéjọ, àbúrò yín! Àwọn tí Ìyá Àgbà rọbí wọn títí, tí wọ́n ní wọ́n ti ń ṣagídí láti inú. Àwọn tí ẹ máa ń fi kànrìnkàn bó, tí ẹ ń pè ní onídọ̀tí, tí ẹ ya àwo tiwọn sọ́tọ̀ títí wọ́n fi kó lọ sí Òde-Òmu, tí wọn ò wálé mọ́. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni wọ́n ń wẹ̀, Màmá! Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wọn lọ. Ẹ sọ fún wọn. Olúwa á dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí, ẹ ó gbé Dayọ̀ pọ̀n, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ.

Ọmọ yín tí ẹ bí, tí ó fẹ́ràn yín síbẹ̀,
Àrìnkẹ́.

Àfikún: Ẹ má fi ẹnu lásán bẹ̀ wọ́n o. Ẹ bu oúnjẹ sínú àwo kan ṣoṣo, kí ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ jẹ ẹ́.