Ìtàn Ayé Baba Atúnbọnṣe, Pẹ̀lú Ẹ̀bẹ̀ Lórí Bóòtù Tó Wà Lọ́wọ́ Má-Tètè-Dé

Ọdún 1944 ni a bí Baba Atúnbọnṣe sí ilé kékeré kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ń ṣe kọ́kọ́rọ́, ìyá wọn ń ránṣọ. Baba ka ìwé mẹ́fà. Wọ́n ní ìkeje ò lè kọ́ àwọn ní irin.

Ní 1960, wọ́n wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ bóòtù, ìyẹn irin tí ọdẹ ń fà sẹ́yìn, tó sì ń tì síwájú kí ọta lè wọlé, kí ẹ̀yìn ìbọn sì tì pa. Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń fi wéra. Ti àkọ́kọ́, iwájú ni eyín tó fi ń há wà, nítòsí ọta gan-an. Ó ní èékánná gígùn tó ń di ọta mú bí ìyá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Bí a bá gbé apá rẹ̀ sókè ni sípíríǹgì ń ká, nítorí náà ó le lọ́wọ́ díẹ̀. Ti èkejì, ẹ̀yìn ni eyín rẹ̀ wà. Ìgbà tí a bá ń tì í síwájú ni sípíríǹgì ń ká, wéré ló ń lọ tó ń bọ̀. Baba ní ti àkọ́kọ́ lágbára, ti èkejì yá. Bí ọdẹ bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ìwọ náà mú ọ̀kan nínú ojú ẹ méjèèjì, ká yọ èkejì."

Ní 1969 ni wọ́n fẹ́ aya wọn, akọrin ilé ìjọsìn. Orin rẹ̀ ló ń darí fáìlì tí Baba fi ń pọ́n irin:

Fà á sẹ́yìn o, tì í síwájú,
Irin tútù, má dójú tì wá.

Ọmọ mẹ́ta, orin yẹn náà la fi rẹ̀ wọ́n. Baba fúnra wọn ò lóhùn, ká má purọ́, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn ilé ìjọsìn.

Lọ́dọọdún wọ́n ń yẹ ìbọn àwọn ọdẹ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwàásù wọn ò ju ọ̀kan lọ: bóòtù kì í ṣe fìlà tí à ń yá ara ẹni wọ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Bí a bá ki ti ìbọn kan sínú òmíràn, àyè lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọta, kí ìkarahun ọta fọ́, kí iná padà sójú ẹni tó yìn ín.

Ohun tó ń já àwa ẹbí Baba láyà nìyí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Baba yọ bóòtù ìbọn méjì láti nù wọ́n, oríṣi kejì ni méjèèjì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìdí iṣẹ́ ni ìrora àyà ti di Baba mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Baba ti dágbére fáyé. Lọ́jọ́ kejì, ọdẹ tí Baba ń pè ní Má-Tètè-Dé wá béèrè ìbọn rẹ̀. Aya Baba, pẹ̀lú omijé lójú, ki bóòtù méjèèjì bọ ìbọn, ó sì gbé ọ̀kan fún un. Bóòtù méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́, wọn ò há. Aya mọ orin, kò mọ nọ́ńbà. Ọjọ́ Ajé ni àkọ́bí Baba obìnrin, tó jogún iṣẹ́ náà, wo ìbọn tó kù: nọ́ńbà ara ìbọn parí sí 71, ti bóòtù parí sí 38.

Kò sẹ́ni tó mọ ilé ọkùnrin náà. Ó sì ti sọ pé ìbọn yẹn lòun máa yìn létí sàréè láti fi yẹ́ Baba sí. Má-Tètè-Dé, àbúrò wa, bó o bá jókòó láàárín wa níbi ìsìnkú yìí tó ò ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́, má yìn ín! Baba ti bú ẹ tó nítorí pé o máa ń pẹ́. Lónìí, túbọ̀ pẹ́ sí i. Àkọ́bí Baba wà lẹ́nu ọ̀nà, bóòtù tìrẹ gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ yòókù, ẹ bá wa wá a.

Baba fi aya, àbúrò obìnrin kan, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ.

Baba, ẹ sùn jẹ́ẹ́. Títí ọmọ yín á fi ka nọ́ńbà yẹn, a ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín.