Má Pè É Lọ́jọ́ Ẹtì Mọ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìbítáyọ̀,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, 2024.

Rose, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá ilé. Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìtùnú ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé oyún rẹ̀ ò dà á láàmú jù? Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Tiwa náà ń lọ, ọpẹ́ ni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ìpè tá a jọ gbìmọ̀ pé wàá pe Ayọ̀fẹ́ ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì, kó o sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, kó má bàa gba iṣẹ́ tíṣà tó rí ní Sókótó, jọ̀wọ́, má pè é mọ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí mo mọ̀ wá: ká tó rẹ́rìn-ín tán, a ó ti wéwèé òmíràn.

Sátidé ló wálé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni, tòun ti ìdì ìwé kan. Ọmọbìnrin kan níléèwé wọn ni kò fẹ́ wá sí kíláàsì mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò fi dá a lóhùn bó bá kí wọn, torí ó kọ̀, kò bá ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, Jessica, ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Jessica yìí làwọn tíṣà sì ń pè ní ọmọlúàbí, torí kò sí tíṣà tí ọmọ náà kì í kúnlẹ̀ kí. Ni Ayọ̀fẹ́ bá ní kí tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sí kéèyàn máa fi ọgbọ́n yí ọmọnìkejì lórí, kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ.

Gbogbo tíṣà, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ: ẹkún èké, inú rírun ọjọ́ ìdánwò. Àwọn ọmọ ní tiwọn kọ, "Tó o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, wàá ṣe é." Ẹlòmíràn kọ nípa tíṣà tó máa ń sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa pa òun. Mo ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó ka ọ̀kan sókè: "Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò ni àìsàn ń ṣe màmá mi."

Ayọ̀fẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Èmi tẹrí mọ́ ewùrà. Ó ní kí ló dé, mo ní ata ló kó sí mi lójú. Rose, mi ò tíì fọwọ́ kan ata. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tilẹ̀ tíì jáde nílé.

Mo gbé ewùrà sílẹ̀. Mo ní, "Ayọ̀fẹ́, ara mi le. Ẹ̀rù ọ̀nà jíjìn yẹn ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kó o lọ."

Ó ní, "Màmá, èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, mo lè dá a lóhùn. Àìsàn yín ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá lóhùn."

Àṣé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ìgbà gbogbo tó bá fẹ́ lọ síbì kan ni mo máa ń fi àìsàn dá a dúró.

Ó ṣì ń lọ, lóṣù tó ń bọ̀. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán, àmọ́ ó dá mi lójú pé ọmọ tó rí Jessica gedegbe lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa tàn án jẹ ní Sókótó.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí Ayọ̀fẹ́ bá pè ọ́, tó bèèrè mi, sọ fún un pé ara mi le, kó o sì fi kún un pé àárò rẹ̀ ti ń sọ mí. Òtítọ́ ni méjèèjì.

                                        Èmi ni tìrẹ látọjọ́ aṣọ iléèwé,
                                        Mọ́ṣádé.