Mọ́mì Mi Tó Ti Kú Ló Ń Kọ́ Mi Bí Mo Ṣe Ń Wẹ Ọmọ Mi

Mi ò gbé oògùn mi mì mọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, ará Ọ̀fà pọ̀ lórí page yìí, ọkọ mi gan-an máa ń kà á tí wọ́n bá ti mú iná ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀. Tó bá bi mí pé ṣé mo ti lò ó, màá ní mo ti lò ó. Irọ́ ni. Abẹ́ ahọ́n ni mo ń fi sí, tó bá ti jáde nílé, màá tu ú dànù.

Schizophrenia ni wọ́n pe àìsàn mi. Ẹ̀yìn ikú Mọ́mì mi ló bẹ̀rẹ̀, kí n tó ṣègbéyàwó, mo kàn ń gbọ́ ohùn wọn. Ọkọ mi mọ̀, ó sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀, òun ló ń bá mi lọ rí dókítà ní Ìlọrin. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni kò mọ̀. Dókítà yẹn ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ní nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine, ó máa ń gbé iṣẹ́ kiri bí ọlọ́kadà, pé tèmi ló pọ̀ jù, gbogbo wọn ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọpọlọ mi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́. Ó ní oògùn yẹn á lọ jókòó síbi tí àwọn ọ̀kadà yẹn ti ń já ẹrù, kí wọ́n má ráyè. Ó yé mi. Mo lò ó, ohùn lọ, mo ṣègbéyàwó, mo bí ọmọbìnrin mi, àlàáfíà wà.

Oorun ló da nǹkan rú. Oògùn yẹn máa ń mú mi sùn bí igi. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ìjàgbó kí wọ́n lè bá wa tọ́jú ọmọ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá gbé ìyàwó àwọn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì dé Ìjàgbó, kò ní mọ̀. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ti ọjà dé tí wọ́n bá ọmọ tó ti ké títí tí ohùn rẹ̀ fi há... ẹ̀gbẹ́ mi ló wà o, mi ò gbọ́! Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n kàn wò mí. Ìwò yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú oògùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi.

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi padà sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní Ìjàgbó. Àwọn ló ti ń wẹ ọmọ látìgbà tí mo ti bí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé báàfù kalẹ̀, ọmọ ń yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ... mo wá gbọ́ Mọ́mì. Ẹ̀yìn etí mi báyìí. Wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọmọ, kí n jẹ́ kí orí rẹ̀ sùn sórí apá mi, kí n sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò kí ọmọ tó kàn án. Ẹ gbọ́, Mọ́mì mi ni gbogbo àdúgbò wa máa ń pè wá wẹ ọmọ tuntun. Tèmi nìkan ni wọn ò bá. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa gbọ́ ohùn yẹn tí kò ní sunkún ayọ̀? Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá. Mo wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò mi, torí tí èèyàn bá wà níbẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì ní omi ti tutù, kí n da omi gbígbóná inú kẹ́tù lé e. Mo dà á. Wọ́n ní ó ṣì tutù. Mo tún dà á. Mo ti gbé ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, torí pé ó ti mọ́ mi lára ni mo fi ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́... Awọ ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Híjáàbù gígùn ni mo ń wọ̀ nínú ilé báyìí kí ọkọ mi má bàa rí i. Ọmọ mi! Mọ́mì ṣì ń sọ pé ó tutù o!

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tèmi tọmọ. Ṣé dopamine mọ oríkì mi ni? Ṣé dopamine máa ń wúkọ́? Àbí èmi náà ni? Torí tí mo bá rò ó dáadáa, kò sí nǹkan tí wọ́n kọ́ mi nípa ìwẹ̀ ọmọ tí mi ò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń di táwẹ̀lì mú fún wọn ní kékeré.

Látọjọ́ yẹn, aṣọ tútù ni mo fi ń nu ọmọ lára, mo parọ́ fún ọkọ mi pé kátà ń ṣe é. Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, ṣé kò ní gbé ọmọ mi lọ sí Ìjàgbó? Ṣé ìyá kankan wà níbí tó ń lo irú oògùn yìí, tó ń fún ọmọ lọ́yàn, tí wọ́n bá a wá èyí tí kì í mú un sùn tó bẹ́ẹ̀? Kí ló yẹ kí n sọ fún dókítà? Tí mo bá sì gbé e mì, Mọ́mì á lọ. Ṣé èmi ni màá fi omi ẹ̀kún ẹnu kan ṣoṣo lé Mọ́mì mi lọ? Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Mo ti gbé ọmọ fún aládùúgbò mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eléyìí. Oògùn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ohùn yẹn ti ń sọ fún mi pé kí n pa á rẹ́, kí n lọ gba ọmọ mi wá, pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù.