Ta Ni Yóò Jí Ìyá?

Bàbá mi àtàtà,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kí yín o. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Òkè Bọ́lá ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ikùn mi sì ti ga débi pé orí rẹ̀ ni mo gbé pátákó ìkọ̀wé lé. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ́ mi níwèé nígbà tí àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe nìyí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún tí kò ní sọ pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó.

Ẹ rántí bí ìrọbí àkọ́kọ́ ṣe rí, pé díẹ̀ ló kù kí n bá ọmọ náà lọ. Èkejì nìyí, ó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ lọ. Òun ló kan pósí yín, ó sì kàn án dáadáa, ẹ kú ìbùsùn tuntun. Ẹ má bínú sí mi. Bí mi ò bá ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, ẹkún ni n ó sun.

Ìròyìn ńlá kan wà. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà ayé yín ti wọ Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ó ní ohùn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ké, Ọjà'ba ni mo wà, mo ń ná irú lọ́wọ́ obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ohùn kan bá dún lókè, ó gùn, ó ga, kò jọ ti ìwo, kò jọ ti kàkàkí. Ohun tí Tíṣà ìjọ wa máa ń wàásù rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn, pé fèrè yóò dún lọ́jọ́ ìkẹyìn, gbogbo òkú yóò sì jí. Mo ní ó ti dé.

Ẹ ò bá rí mi, Bàbá! Mo fi irú sílẹ̀, mo fi agbọ̀n sílẹ̀, mo gbá ikùn mi mú, mo sáré. Ó yẹ kí n sáré lọ sí ilé ìjọsìn. Ibẹ̀ lẹ sùn sí, ibẹ̀ sì ni gbogbo àwọn tó ṣèrìbọmi yóò ti rí ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìdí òkè Màpó tí ọ̀nà yà sí méjì, ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Ọ̀nà Bẹẹrẹ ló gbà, ọ̀nà ilé yín. Inú yàrá Ìyá ni mo ti bá ara mi. Mo nà gbalaja sórí ibi tí a sin ín sí, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, mo ń pariwo pé, "Ìyá, ẹ jí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí, gbogbo ayé ti ń lọ!"

Àbúrò yín obìnrin, tó ṣì ń tọ́jú ilé náà, sáré wọlé tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Kí ló dé, ọmọ yìí? Ṣé ìrọbí ti mú ọ ni?"

Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ fèrè ni?"

Ó ní, "Fèrè wo? Ọkọ̀ òyìnbó ló ń ké! Dìde nílẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o bímọ sórí ibojì."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, nítorí mo ti mọ ohun tí ń dẹ́rù bà mí.

Oorun Ìyá le. Àrá a sán, ìjì a ká koríko orí ilé lọ, Ìyá kò ní yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ó wọlé jẹ́jẹ́, ẹ ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ ó pè é ní Àṣàkẹ́. Kò ní tíì lajú tí á ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ṣì rántí ẹ̀rín náà níbi tí ẹ wà?

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń ru àpótí ìjókòó yín tẹ̀ lé yín dé ilé ìjọsìn, kì í sì í wọlé. Abẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń jókòó sí, á máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ títí ẹ ó fi jáde. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Tíṣà bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ ṣèrìbọmi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ìyá tó bí mi kò sí lọ́run yín. Bí mo bá wá síbẹ̀, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?" Tíṣà ní èṣù ló ń fi irú èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn. Ìyá kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì fún un ní ẹ̀gúsí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí ó fi kú, tí a sì sin ín sí yàrá tó ti bí mi, bí àwọn ará ilé ti ń ṣe.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bẹ̀ wá nínú àìsàn yín pé kí a tẹ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín: "Oorun ìyá rẹ le. Bí fèrè bá dún tí n kò sí nítòsí, kò ní gbọ́. Kó tó jí, wọ́n á ti ti ilẹ̀kùn." Ẹ ní bí ẹ bá ti rí ọwọ́ rẹ̀ dì mú, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ lọ síwájú Olúwa, ẹ ó sì bá a bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà. Wọ́n ní onígbàgbọ́ kì í sùn sábẹ́ òrùlé kèfèrí. Wọ́n kọrin gbé yín lọ sí itẹ́ òkú ìjọ, a sì fi Ìyá sílẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan.

Ní àìpẹ́ yìí Tíṣà wàásù lórí ọ̀gbun ńlá tó wà láàrin àwọn tó wà nínú ìsinmi àti àwọn tó wà nínú iná. Ó ní wọ́n ń rí ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rékọjá. Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ ń wò ó láti òdìkejì ni? Ṣé ó ń ké sí yín? Tàbí ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń sùn, tí ẹ kò mọ nǹkan kan? Lónìí, Tíṣà á ní ọkàn yín ti wà ní Párádísè. Lọ́la, á ní ẹ ń retí fèrè. Mo fẹ́ bi í pé èwo ni ká mú, ojú rẹ̀ kò gbà mí láyè.

Mo sọ fún ọkọ mi pé bí mo bá kú sórí ìkúnlẹ̀, kó sin mí sí yàrá Ìyá. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣebí ilé bàbá ọmọbìnrin ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ padà sí látijọ́. Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ìgbà tó o bá kú tán lo fẹ́ wá di kèfèrí? Ta ni yóò gbàdúrà lé ọ lórí níbẹ̀?" Ó bínú gidigidi.

N kò dá a lẹ́bi, torí ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí mo bá sùn ti Ìyá, wọ́n lè kà mí mọ́ àwọn tó wà lódìkejì ọ̀gbun, kí n má sì rí yín mọ́ láéláé. Bí mo bá sùn tì yín, Ìyá ni n kò ní rí mọ́. Ọmọ inú mi yìí ńkọ́, tí a kò tíì ta omi sí lórí? Bí èmi pẹ̀lú rẹ̀ bá jọ lọ, ìhà wo ni wọ́n yóò gbé e sí? Mo ń gbàdúrà, Bàbá, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo ni kí n bèèrè.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ náà tún ké. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni, síbẹ̀ igbá ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi bá mi kó àfọ́kù rẹ̀. Kò wojú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ìhà ibo ni wọ́n kọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ sí?"

Mo ní, "Ìhà ilẹ̀kùn."

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbà, ó padà sídìí igi rẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ fèrè tòótọ́, ẹ má sáré wá sí Bẹẹrẹ, kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin náà síta. Ẹ máa lọ tààrà, kí ẹ sì bá wa di ilẹ̀kùn náà mú. Ìbáà ṣe lọ́la ni mo kú, ìbáà ṣe lọ́jọ́ ogbó, ìdí ẹsẹ̀ Ìyá ni n ó sùn sí. N ó di àtàǹpàkò rẹ̀ mú. N kò lè pè é ní Àṣàkẹ́, ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ó sọ fún un pé ẹ ń dúró. Bí a bá pẹ́ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í. Ẹ kúkú mọ bí oorun rẹ̀ ti le tó.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà, tí ìfẹ́ yín kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.