Èsì Ìdánwò Ẹ̀sìn Méjèèjì Tí À Ń Retí

Ọ̀fà, ọjọ́ Ajé

Ọpẹ́yẹmí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ yó? Ìlú Ìbàdàn kò ní gbé ọ mì, ohun tí ò ń kọ́ kò sì ní dàrú mọ́ ọ lórí. Bàbá yín ń kí ọ, ara wọn le, àfi orúnkún tó máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kírun. Èmi náà wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù.

Ìròyìn ilé ni pé Ìrètíọlá, ìyàwó Mùíz ẹ̀gbọ́n rẹ, ti bímọ, ọkùnrin ni, etí bàbá yín ló gbé wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa pé ọjọ́ kẹjọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Alhaja Safiyat, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ní aáfà ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Barnabas àna wa, bàbá Ìrètíọlá tó ń ṣiṣẹ́ ní pólì, ní pásítọ̀ àwọn ti gbọ́, kò ṣeé yí padà mọ́. Ní ti Mùíz, aṣọ ìdọ̀tí ọmọ ló kàn ń fọ̀ kiri. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ní í jà á lórí ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já?

Èmi ni mo pẹ̀tù sí i. Mo rántí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé yàtọ̀ sí ìṣirò owó tí o lọ kọ́, o tún mú iṣẹ́ kékeré kan mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti filọ́sọ́fì, pé nínú ìdánwò tí ẹ ṣe kọjá, ẹ gbé Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì yẹ̀ wò, èsì yóò sì jáde láìpẹ́. Mo wá ní kí wọ́n fara balẹ̀, yunifásítì ń dán ẹ̀sìn méjèèjì wò lọ́wọ́, èyí tó bá gba máàkì jù ni yóò sọ ọmọ lórúkọ. Alhaja ní ẹ̀rù kò ba àwọn. Àna wa ní ẹ̀rù kò ba àwọn náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaja yọ́ wá bá mi, wọ́n ní ta ni tíṣà tó ń máàkì, ṣé ó máa ń jẹ iṣu. Wọ́n ní kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, sàráà ni. Mo sọ ọ́ fún àna wa, inú bí wọn gan-an, wọ́n ní irú ìwà yìí ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́, wọ́n wá béèrè bóyá òbúkọ lè wọ bọ́ọ̀sì dé Ìbàdàn.

Bàbá yín ní tiwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà, wọ́n ra káàdì tí àwọn ọmọ fi ń wo èsì. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ béèrè nọ́ńbà ìdánwò, bàbá yín ní ẹ̀sìn kì í ní nọ́ńbà. Ó ní kí ni orúkọ ẹni tó ṣe ìdánwò ọ̀hún, wọ́n ní Ìsìláàmù, kó sì bá àwọn wo Kírísítẹ́nì pẹ̀lú nítorí ìyàwó àwọn. Wọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ti tàn báyìí, ọlọ́kadà tó gbé mi bọ̀ láti Ìjàgbó lánàá bi mí bóyá èsì ti jáde.

Ti filọ́sọ́fì yẹn, àna wa là wá lọ́yẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí wọ́n ń béèrè bóyá àga tí èèyàn jókòó lé wà lóòótọ́. Alhaja ní kí wọ́n dìde lórí àga àwọn nígbà náà, kí wọ́n lọ jókòó sórí èyí tí kò sí. Díẹ̀ ló kù kó dìjà. Ọmọ mi, tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé àga wà, má bá olówó àga jiyàn.

Jọ̀ọ́, nínú owó tí ò ń rí níbi tí o ti ń tún fóònù ṣe lọ́jọ́ Sátidé, fi díẹ̀ ránṣẹ́. A ó ra àgbò, a ó ra mínírà fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyẹn kò lè dúró de máàkì. Má fi gba báńkì o. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo ní níbo ló lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà ni kí o fi rán.

Ó ku èyí tí n kò lè sọ lójú wọn. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. O mọ bí èmi àti bàbá yín ṣe ń gbé. Lóṣù ààwẹ̀, èmi ni mò ń jí se sààrì wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ni wọ́n ń fi máṣíìnì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í yí padà títí n ó fi wọlé. Àmọ́ látìgbà tí mo ti dá ọ̀rọ̀ èsì yìí sílẹ̀, wọ́n ti bi mí pé kí ni n ó ṣe tí tèmi bá fìdí rẹmi. Mo bi àwọn náà nípa tiwọn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Nítorí náà, bí èsì bá jáde, tí ọ̀kan yege, tí èkejì kò yege, jọ̀ọ́, sọ fún wa pé wọ́n ti fagi lé ìdánwò náà. Kí aáfà sọ ọmọ lórúkọ láàárọ̀, kí pásítọ̀ sọ ọ́ lálẹ́, kí orúkọ pọ̀ fún un.

Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn, ìwé tí ò ń kà kò ní já sí asán, ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ. Àmín. Bàbá yín tó jókòó tì mí ní kí n kọ Àmínà náà sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàbí